Ẹ̀wà wo ló dànù? Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ará Ṣáínà ní àkànlò èdè oúnjẹ ti òyìnbó

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Orí Zoom ni mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ará Ṣáínà ní Gẹ̀ẹ́sì láti Ìbàdàn níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ka "spill the beans", ó ní ẹ̀wà wo ló dànù? Mo ṣàlàyé ṣàlàyé, kò yé e. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń kọ́ wọn nírú ọ̀rọ̀ oúnjẹ báyìí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Ẹ̀wà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé yẹn ló fà á. Kò sí ẹ̀wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kéèyàn tú àṣírí ló túmọ̀ sí, tó o bá ti gbé ẹ̀wà síwájú báyìí, ìkòkò àti ṣíbí ni akẹ́kọ̀ọ́ ẹ á máa wá kiri títí kíláàsì á fi parí. Má sì bá a dé ìdí ìtàn àwọn ará Gíríìkì tó ń fi ẹ̀wà dìbò tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ìtàn yẹn ò sì ní kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó.

Ohun témi máa ń ṣe ni pé mi ò ní tíì fi ọ̀rọ̀ yẹn hàn wọ́n rárá. Màá kọ́kọ́ sọ ìtàn kékeré: àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ń múra àríyá ọjọ́ ìbí fún ọ̀gá wọn, wọn ò fẹ́ kó gbọ́, gbogbo wọn ti panu mọ́, àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe lọ bá ọ̀gá, ó ní "Ọ̀gá, irú kéèkì wo lẹ fẹ́ràn jù?" Màá wá bi wọ́n pé lédè tiyín, kí lẹ máa ń sọ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀? Wọ́n á ní "shuō lòu zuǐ", ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí ẹnu ẹ̀ jò. Ìgbà yẹn ni màá tó kọ "spill the beans" sójú bọ́ọ̀dù. Àmọ́ má dúró síbẹ̀ o, torí ẹni tí ẹnu ẹ̀ jò ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ òyìnbó lè ní kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ "spill the beans", ìyẹn ni pé ó yá, tú àṣírí yẹn fún wa jàre.

Àwọn kan wà tí ò ní wàhálà. "A piece of cake", ìyẹn nǹkan tó rọrùn gan-an, wọ́n ní "xiǎocài yīdié", oúnjẹ bíńtín nínú àwo kan. "Hot potato", ìyẹn ọ̀rọ̀ tó le tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ fọwọ́ kàn, wọ́n ní "tàngshǒu de shānyù", ọ̀dùnkún tó ń jóni lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 5 ti tó, máa lọ.

"Not my cup of tea" ló máa ń dùn mọ́ mi jù láti kọ́ wọn. Òyìnbó fi ń sọ pé nǹkan ò wu òun láì kan ẹnikẹ́ni lábùkù, fíìmù ni o, bọ́ọ̀lù ni o. Ọ̀rọ̀ "tea" yẹn fúnra ẹ̀, ọ̀dọ̀ tiwọn ló ti wá, "tê" ni wọ́n ń pè é nínú èdè Hokkien tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ Fujian ní Ṣáínà, àwọn oníṣòwò Dutch ló gbé e dé Yúróòpù, sọ ìyẹn fún wọn kó o wo bí ojú wọn á ṣe tàn. Tiwọn ni "bú shì wǒ de cài", kì í ṣe oúnjẹ mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ làwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń fi sọ, ọmọge tí ò wu èèyàn, ọmọkùnrin tí ò wuni. Jẹ́ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ ẹ̀.

Ibi tó le jù ni "don't cry over spilt milk", má sunkún nítorí wàrà tó ti dànù. Gbogbo wọn ló máa sáré mú "fù shuǐ nán shōu" wá, omi tó bá ti dà sílẹ̀, ó ṣòro kó padà. Ó jọra lójú, àbí? Ìtàn tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀ ni ti ọkùnrin kan tí ìyàwó ẹ̀ kọ̀ ọ́ nítorí òṣì, nígbà tó di èèyàn ńlá obìnrin yẹn padà wá, ọkùnrin náà da omi sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ní kó kó o padà. Ọ̀rọ̀ tó ti bàjẹ́ tí ò ṣeé tún ṣe mọ́ ni wọ́n fi ń sọ, pàápàá ìgbéyàwó tó ti tú. Òyìnbó ní tiẹ̀ ń tuni nínú, pé má sunkún mọ́. Àwa náà, tá a bá ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ là ń kí, pé òmíì ń bọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń bi wọ́n pé ta ló ń sọ ọ́, ta ló ń sọ ọ́ fún, kí ló ti ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Wọ́n á tún máa gbé tiwọn wá sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan tí mo ń kọ́ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé "My boss fried my squid", pé ọ̀gá òun din squid òun, ẹran inú òkun kan, èmi rò pé oúnjẹ ọ̀sán ló ń sọ, mo tiẹ̀ bi í bóyá ó dùn. Ó dákẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n lé e kúrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣàlàyé pé squid máa ń ká ara ẹ̀ jọ tó bá kan epo gbígbóná, bí ẹní tí òṣìṣẹ́ ayé àtijọ́ ń ká lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ. Ó dùn mí gan-an. Àtìgbà yẹn, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ò yé mi, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í.

Òmíì á ní òun lè "eat bitterness", jẹ ohun kíkorò, "chī kǔ" nìyẹn, ìyẹn ni pé òun lè fara da ìyà. Èyí á tètè yé ìwọ ju òyìnbó lọ, torí àwa náà ń jẹ ìyà, à ń jẹ gbèsè, kò sì sóúnjẹ níbẹ̀. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, oríyìn ni kí wọ́n ní èèyàn lè chī kǔ, ẹni tó ń wáṣẹ́ lè kọ ọ́ sínú CV. Sọ fún un pé "hard-working" ni kó kọ. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń já sófo ṣá, "add oil" tí wọ́n fi ń gbani níyànjú, ìyẹn "jiāyóu", ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti gbà á wọlé ní 2018.

Mẹ́ta péré ni kó o máa kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, kí kálukú sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bi ẹ́ ní ẹ̀wà yẹn, tẹ́ ẹ bá tún pàdé, ní kó sọ àṣírí kan tẹ́nì kan tú nílé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán kó o tó mẹ́nu ba ẹ̀wà.