Ṣé àdéhùn ló ń dí Amẹ́ríkà lọ́wọ́ láti já mísáìlì lulẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo rí fídíò kan tó ní Amẹ́ríkà ti ní ohun tó lè já gbogbo mísáìlì núkílíà lulẹ̀, pé àdéhùn tí wọ́n bá Rọ́ṣíà ṣe ni kò jẹ́ kí wọ́n lò ó. Ṣé tí wọ́n bá ya ìwé náà, ọkàn wa á balẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìwé wo ni wọ́n tún fẹ́ ya? Wọ́n ti ya á láti 2002! Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí o, ẹni tó ṣe fídíò ni.

Àdéhùn ABM ló ń sọ, èyí tó fi òdiwọ̀n sí ohun ìjà tó ń já mísáìlì lulẹ̀, tí Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Brezhnev, olórí Soviet (Rọ́ṣíà ìgbà yẹn), fọwọ́ sí ní Moscow lọ́dún 1972. Lẹ́yìn àtúnṣe 1974, ibùdó kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní, pẹ̀lú mísáìlì adènà (èyí tó ń já mísáìlì ọ̀tá lulẹ̀) tí kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Àmọ́ ìwé náà fúnra rẹ̀ gbà kí ẹni tó bá fẹ́ jáde fi oṣù mẹ́fà ṣe ìkìlọ̀. Ààrẹ Bush ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń jáde ní oṣù Kejìlá 2001; nígbà tó fi di oṣù Kẹfà 2002, ó ti parí. Kò sí ọlọ́pàá tó máa mú un.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí kò ti sí ìdíwọ́. Kí ni wọ́n rí kọ́? Mísáìlì adènà 44 ní Alaska àti California. Nínú ìdánwò tí wọ́n ti múra sílẹ̀ dè, díẹ̀ ni èyí tó bà fi ju ìdajì lọ.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Mísáìlì tó ń ti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn máa ń lo nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, púpọ̀ nínú rẹ̀ lókè tí afẹ́fẹ́ kò sí. Níbẹ̀, ìyẹ́ àti òkúta ń sáré dọ́gba. Ọ̀tá lè tú bàlúùnù tí wọ́n fi àlùmíníọ́ọ̀mù bò ká, kí ó sì ki àdó olóró gan-an sínú ọ̀kan nínú wọn. Rádà rí ogún. Èwo ni ẹ máa yìnbọn fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Iron Dome ti Ísírẹ́lì dá mi lóhùn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí kì í rìn jìnnà ni ìyẹn ń já, kò sì kúrò nínú afẹ́fẹ́.

Ọ̀tá náà kì í káwọ́ gbera. Lọ́dún 2018, Putin gbé Sarmat àti Avangard, ohun ìjà núkílíà tuntun, jáde, ó sì sọ ọ́ gbangba pé nítorí pé Amẹ́ríkà kúrò nínú ABM ni. New START, àdéhùn tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ṣe ní 2010, tó fi òdiwọ̀n 1,550 sí àdó núkílíà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé kalẹ̀ kó tó parí ní 2026, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìdènà rárá. China kò sì sí nínú èyíkéyìí.

Ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ni mo fi dáhùn o, kì í ṣe àṣírí ológun, n kò sì sọ pé ọ̀nà àbáyọ kò ní yọjú láé. Tí ẹ bá tún rí irú fídíò bẹ́ẹ̀, ohun kan ni kí ẹ bi í: nínú ìdánwò tó fi ń yangàn, bàlúùnù mélòó ló wà níbẹ̀, ta ló sì yan ọjọ́ àti wákàtí?