Háàdì díìsìkì tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní láptọ́ọ̀pù yín ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, fáìlì kan ṣoṣo sì ń gba ìṣẹ́jú 5 kó tó ṣí. Háàdì díìsìkì yín, ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó fáìlì pamọ́ sí, ti ń kú lọ nìyẹn. Orí tó ń ka dátà inú rẹ̀ ni kò rí ibi tó fẹ́ kà mọ́, ló bá ń padà sẹ́yìn, tó tún ń gbìyànjú. Ẹ tètè kọ́pì fọ́tò àti iṣẹ́ yín sórí díìsìkì mìíràn lónìí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò Windows tó ń fi ìlera díìsìkì hàn, yẹ̀ ẹ́ wò: bí "Current Pending Sector Count" (iye ibi tí díìsìkì kò rí kà dáadáa) bá ń gòkè, ẹ ra òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fi chkdsk, ètò Windows tó ń tún àṣìṣe orí díìsìkì ṣe, tún un ṣe o. Mo gbà fún oníṣẹ́ kan rí, àárín iṣẹ́ náà ni díìsìkì mi dákẹ́ sí, tòun ti fọ́tò ìkómọ ọmọ mi.