Ṣé dandan ni kí róólà dunni wọra kó tó ṣiṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kúuṣẹ́ o, dókítà físíò wa. Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sáré láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, ibi tí mò ń gbà sì rèé, òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀dọ̀ wa ṣe rí. Itan mi àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi máa ń le gbagidi, pàápàá lọ́jọ́ kejì. Àbúrò mi tó wà ní London wá fi róólà fóòmù kan ránṣẹ́, róbótó gígùn bí òpó kékeré tí wọ́n ń gbé ara lé yí, dúdú báyìí, ó le bí igi, ó ní irú ẹ̀ làwọn eléré ìdárayá ń lò. Alaalẹ́ ni mò ń fi yí ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn mi, bí ogún ìṣẹ́jú, ó ń dùn mí débi pé omi ń bọ́ lójú mi, ẹ̀gbẹ́ itan mi ti dúdú, ìyàwó mi ní ṣe ni mò ń fìyà jẹ ara mi. Ẹ dákun, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àbí kí n lọ ra èyí tó rọ̀? Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tí mò ń yí ńkọ́, torí òun ló tiẹ̀ wá burú jù báyìí.

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ẹ kú ìdárayá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ẹjọ́ inú ilé yín ná: ìyàwó yín ló jàre. Róólà yẹn ò ṣẹ̀ o, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì tíì náwó lé òmíràn lórí. Bí ẹ ṣe ń lò ó ló kù díẹ̀ káàtó.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ṣá. Lójú tiwa, oògùn tí ò bá korò, a máa ń fura sí i. Tí mo bá ń fọwọ́ tẹ iṣan fún èèyàn, pàápàá àwọn bàbá, wọ́n á ní "Dókítà, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa jàre, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan," bíi pé ìrora gan-an ni wọ́n sanwó fún. Bàbá kan tiẹ̀ wá bá mi nígbà kan tó jẹ́ ọmọ odó ló fi ń yí itan ara ẹ̀, ọmọ odó iyán o, ó ní ohun tó ń sọ iṣu líle di rírọ̀, kí ló dé tí ò ní rọ itan òun. Itan ò rọ̀, wíwú ló wú.

Iṣan tó bá rí i pé wọ́n ń fìyà jẹ òun, ńṣe ló máa ń sún kì, tó máa le sí i kó lè gbèjà ara ẹ̀. Ẹ fi ìka gún ọmọ kékeré níkùn lójijì, ẹ máa rí i bí ikùn náà á ṣe le koko. Ohun tí itan yín ń ṣe lórí róólà nìyẹn. Tí ẹ bá ti ń di eyín, tí ẹ ń séèémí, kì í ṣe ìtọ́jú lẹ̀ ń ṣe mọ́, ìjà ni. Ká ní a ń fi máàkì wọn ìrora bí ẹ ṣe ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé, kó má kọjá márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú mẹ́wàá, irú èyí tí èèyàn á sọ pé "ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ gan-an nìyẹn," tí ẹ sì lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ láìjẹ́ pé ohùn yín yí padà. Dúdú tí ẹ̀gbẹ́ itan yín dúdú yẹn, àwọn kan á ní ìdọ̀tí ara ló ń jáde, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ ló bẹ́ lábẹ́ awọ. Ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ títí á fi parẹ́.

Kódà tó bá parẹ́ tán, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ itan yẹn. Ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe iṣan, nǹkan kan bí bẹ́líìtì awọ ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ó sì yi débi pé kò sí róólà tó lè nà án, ẹ kàn ń lọ̀ ọ́ mọ́ egungun lásán ni. Iwájú itan àti bẹ̀bẹ̀ ìdí ni kẹ́ ẹ bá wí.

Kí wá ni róólà ń ṣe gan-an? Wọ́n á ní ó ń fọ́ kókó inú ẹran, wọ́n á ní ó ń fọ ásíìdì tí eré sísá kó sínú iṣan kúrò. Ásíìdì tí wọ́n ń wí yẹn, ara fúnra ẹ̀ á ti palẹ̀ ẹ̀ mọ́ láàárín bíi wákàtí kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sáré tán, kí ẹ tó wẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ibi àsẹ́ńbílì ó ti lọ, òun kọ́ ló ń dùn yín lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ń dunni lọ́jọ́ kejì ni pé iṣan ya wẹ́wẹ́wẹ́, yíya tí ojú ò lè rí, tí ara ń tún un ṣe lọ́wọ́. Ó máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, lẹ́yìn ìyẹn á máa rọlẹ̀.

Ibi tó kan àwa ará Èkìtì jù rèé. Gbogbo èèyàn ló rò pé òkè tí àwọn gùn ló ń dá àwọn lẹ́sẹ̀ dúró. Rárá o. Gígun òkè, èémí ló ń jẹ, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń jẹ iṣan. Ẹ wo ẹni tó ń fi okùn sọ korobá kalẹ̀ sínú kànga jíjìn díẹ̀díẹ̀, okùn ń yọ́ lọ lọ́wọ́ ẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì dì í mú, ọwọ́ wo ni ò ní dùn ún? Bí iwájú itan yín ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń gùn sí i, ó sì tún ń gbé yín ró, òun ni bíréèkì. Torí náà kí n tó sọ ti róólà rárá, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ máa sáré gun òkè, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa fi eré díẹ̀díẹ̀ kún un. Ìyẹn nìkan máa dín ohun tí ẹ̀ ń jẹ lójú kù ju róólà mẹ́wàá lọ, torí iṣan máa ń kọ́ ọ, tó bá ti mọ ọ́n kì í yà tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Róólà ò lè rán ohun tó ti ya. Ó máa ń pẹ̀tù sí ìrora díẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ọpọlọ gbà fún iṣan pé kó nà ju bó ṣe ń nà tẹ́lẹ̀, àmọ́ àǹfààní yẹn kì í pẹ́, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún ó ti lọ. Ẹni tó bá yí ara tán tó dìde lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ó fi owó ẹ̀ ṣòfò. Ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ na ara.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹran ẹ̀yìn ojúgun ṣe é. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kì í sì í ṣe orí táìlì gbalasa tí róólà á ti máa yọ̀. Ẹ fi tówẹ̀lì tàbí ògbólógbòó ankárá wé róólà yẹn nípọn, ìdáhùn ìbéèrè yín lórí èyí tó rọ̀ nìyẹn, tówẹ̀lì ni, kò gbówó lórí. Tó bá yá kẹ́ ẹ máa dín aṣọ náà kù. Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀ lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ fi ti ara yín, kí ẹsẹ̀ òsì wà nílẹ̀ pẹ̀lú orúnkún ẹ̀ lókè. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ni kọ́ńtírólù yín o, tó bá ti ń dunni jù, ẹ gbára lé e kí ọ̀tún lè fúyẹ́. Àṣìṣe tó pọ̀ jù tí mo máa ń rí ni kéèyàn gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e kó tún gbé ìdí sókè, gbogbo ìwọ̀n ara á wá dà lé ojú kan. Ẹ wá máa yí lọ sókè bí ìgbín, kẹ́ ẹ mí tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún kẹ́ ẹ tó dé òkè. Ibi tó bá ti há, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ mí sóde pátápátá, ẹ fà àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín kẹ́ ẹ tún tì wọ́n lọ, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ máa rí i pé ibẹ̀ á yọ̀ǹda fúnra ẹ̀, bí omi ṣe ń wọ gàrí. Ẹ má dé ẹ̀yìn orúnkún o, òpójẹ̀ ńlá àti okùn tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ló wà níbẹ̀, kò sí ẹran tó bò wọ́n. Ìṣẹ́jú kan péré fún ẹsẹ̀ kan ti tó.

Ẹ dìde lọ sídìí ògiri. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹsẹ̀ kan níwájú, ìkan lẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ tẹ̀yìn lẹ̀ mọ́lẹ̀, kí orúnkún ẹ̀ nà, ẹ sún síwájú títí ẹ máa fi gbọ́ ọ, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì 30. Ẹ wá tẹ orúnkún ẹ̀yìn yẹn díẹ̀, gìgísẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ tún ka 30, torí iṣan méjì ló wà níbẹ̀, ti ìsàlẹ̀ kì í nà àfi kí orúnkún tẹ̀. Ìgbà méjì méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti iwájú itan, ẹ dojú bolẹ̀ lórí ìgúnpá, ọ̀nà kan náà ni. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kẹ́ ẹ tó sáré láàárọ̀, sẹ́kọ́ńdì 30 lójú kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ má sì dojú bolẹ̀ lórí iyán tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ o, mi ò sí níbẹ̀. Ẹ lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ṣáájú, ẹni tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi Ìkọ̀gọ̀sí rí mọ bí ara ṣe máa ń túra sílẹ̀ nínú omi gbígbóná.

Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ yẹn wàyí. Lónìí gan-an ni kẹ́ ẹ jáwọ́. Òkè ẹ̀yìn ní egungun ìhà tó ń dì í mú yíká, ìsàlẹ̀ ò ní, tẹ́ ẹ bá sùn lé nǹkan líle níbẹ̀, ńṣe ni ọ̀pá ẹ̀yìn máa ká síwájú, tí gbogbo iṣan àyíká á wá dì pọ̀ kó má bàa ṣẹ́. Ìdí tó fi ń burú sí i nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí ẹ̀yìn, láti abẹ́ èjìká dé ibi tí egungun ìhà parí sí ni, kẹ́ ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ìdí máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ní ti ìsàlẹ̀, ìdí ni kẹ́ ẹ yí, ẹ jókòó lé róólà, ẹ tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, lẹ́yìn náà òsì, nígbà mìíràn ibẹ̀ ló ń fa ẹ̀yìn.

Àwọn kan wà tí ò gbọdọ̀ ya ìdí róólà láìbéèrè: ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tí egungun ẹ̀ ti ń rún, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ nǹkan lára, ẹni tó jẹ́ SS tí kíráísì ń bá jà, ìrora yẹn kì í ṣe ti iṣan rárá. Tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá sì dédé wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, pàápàá lẹ́yìn ìrìn àjò ọkọ̀ gígùn bí ẹni ti Àbújá bọ̀, ẹ má yí i, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi Róòbù ra á, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọrí sí lójú ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀.

Tíṣà, tí ẹ̀yìn yẹn bá ṣì ń dùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ ti fi í lọ́rùn sílẹ̀, tàbí ìrora ń sáré gba itan lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ lọ rí físíò. Tó bá wá jẹ́ pé ìtọ̀ ló ń ṣòro, tàbí ojú ara tàbí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú bàtà tẹ́ ẹ fi ń sáré yẹn dání, èyí tẹ́ ẹ wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ wo bí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣe jẹ.