Mo fẹ́ wa tírélà, ibo ni kí n gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣágámù ni mo wà, dánfó ni mò ń wà, mo wá fẹ́ bọ́ sídìí tírélà. Ẹnì kan ní kí n mówó wá kóun fi bá mi wáṣẹ́. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má san kọ́bọ̀! Láísẹ́ńsì ẹ ni kóo kọ́kọ́ wò, kíláàsì G ni ti tírélà, ọ̀dọ̀ àwọn Road Safety lo ti máa gbà á. Lẹ́yìn náà, lọ sí páàkì tírélà l'Ógèrè, wá dírẹ́bà àgbà tóo máa tẹ̀ lé fóṣù díẹ̀, kóo mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe rìfáàsì àti bí bíréèkì ṣe ń ṣe tẹ́rù bá wúwo lẹ́yìn, torí dánfó ò jọ ọ́ rárá o. Ọlọ́kọ̀ á bèèrè onídùúró, tètè wá wọn sílẹ̀.