Ẹ Bi Wá: Ìrìn-àjò Ìhìn Rere Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ sí Abúlé Kétu

Ìsinmi gbọọrọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Kristẹni sì ti ń di ẹrù abúlé agbègbè Kétu, nílẹ̀ Benin. Márùn-ún nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí ọ̀rọ̀ yìí la dáhùn lóṣù yìí.

Àwa 24 la fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní abúlé kan ní Kétu lóṣù kẹjọ. A ò lọ irú rẹ̀ rí. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?
*Akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, Porto-Novo*

Ọ̀dọ̀ ìjọ tó wà ní abúlé náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá pè yín, tí ẹ béèrè, tí wọn kò sì gbà tọkàntọkàn, ẹ wá ibòmíràn lọ. Àwọn ni yóò máa bá aládùúgbò wọn gbé nígbà tí ẹ bá ti padà sílé. Ohunkóhun tí ẹ bá bàjẹ́, ọrùn wọn ló máa kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀lú bí ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìhìn rere dé. Láti ọdún 1853 ni Samuel Àjàyí Crowther ti dé ọ̀dọ̀ Alákétu, ọba Kétu.

Nígbà tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ rán ẹni méjì lọ, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) gba Ìsàkétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ dé Kétu, ọ̀nà náà tó nǹkan bí 100 kìlómítà, ẹ ó sì fi ti ọ̀nà abúlé kún un. Kí wọ́n wo ibi tí ẹ máa sùn, ilé ìgbẹ́, orísun omi, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù, àti ibi tí fóònù ti ń wọlé. A dárúkọ obìnrin nítorí pé òun ni yóò tètè kíyè sí i pé balùwẹ̀ kò nílẹ̀kùn. Bí ọkùnrin nìkan bá lọ wò ó, ọjọ́ tí àwọn ọmọbìnrin bá dé ni wọ́n máa mọ̀.

Ní ti àṣẹ: pásítọ̀ ìjọ náà ni kó mú yín lọ kí olórí abúlé, kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ máa lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra yín. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà máa lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àróńdísìmọ́, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀. Mẹ́fà ló wà lábẹ́ Kétu: Kétu fúnra rẹ̀, Adakplamé, Idigny, Kpankou, Odométa àti Okpométa. Ẹ rí i dájú pé ẹ mọ èyí tí abúlé yín wà lábẹ́ rẹ̀. Èdè Faransé ni kí ẹ fi kọ ọ́. Kí orúkọ gbogbo yín wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀, ọjọ́ tí ẹ ń dé àti ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ilé tí ẹ máa sùn, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, àti fóònù àgbàlagbà kan tó máa dúró fún yín. Kí òǹtẹ̀ ìjọ tó rán yín wà lórí rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà kan fún àwọn ọlọ́pàá, kí ẹ sì gba ìbuwọ́lù pé wọ́n ti rí i.

Ó wá ku iye yín. Ẹni 24 ti pọ̀ jù fún abúlé kan, omi ló sì jẹ́ ká sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Kétu ga, omi jìn gan-an nísàlẹ̀, ojú àwọn ará ibẹ̀ sì ti rí nǹkan lórí ọ̀ràn omi láti ayé àwọn baba wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti mu, láti se oúnjẹ, láti wẹ̀, láti fọ aṣọ díẹ̀, ẹnì kan nílò bí 20 lítà lóòjọ́. Ti ẹni 24 jẹ́ 480 lítà, ìyẹn bídọ̀n (kẹ́ẹ̀gì) 25 lítà tó tó 20 lójoojúmọ́. Àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin ló máa rù wọ́n. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí yín, wọn ò ní ráhùn, ṣùgbọ́n oko wọn ò ní rí wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ pín ara yín sí mẹ́ta, mẹ́jọ mẹ́jọ, kí abúlé mẹ́ta tó fẹ́ gbà yín gbà yín. Ti ẹni mẹ́jọ kò ju bídọ̀n méje lọ. Ẹ ra omi náà tí wọ́n bá ń tà á, kí ẹ̀yin fúnra yín sì rù ú, tọkùnrin tobìnrin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oúnjẹ. Ẹ sọ ṣáájú pé ẹ máa san owó, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì san ìdajì kí ẹ tó gbéra. Ìrẹsì gíráàmù 150 fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan jíjẹ tó. Fún ẹni mẹ́jọ, kílò kan lé díẹ̀. Ẹ ra àgbàdo, ẹ̀wà àti epo lọ́jà wọn níbẹ̀. Tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ owó, wọ́n á yá owó láti pa ewúrẹ́ fún àlejò, ẹ̀yin á sì lọ tán láìmọ̀.

Ẹ má fi ìpàdé sí àárọ̀. Gbogbo àgbà ti wà lóko. Àwọn ọmọdé nìkan ni ẹ máa rí. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wẹ̀ tí wọ́n sì ti jẹun, ló dára. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà, kí ẹ fi ọjọ́ náà sílẹ̀ pátápátá.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá síbí. Wọ́n pín oògùn ibà, súìtì àti aṣọ, ọjọ́ kẹta wọ́n lọ. Látìgbà náà, ọmọ wa kì í rí àlejò kí wọ́n má nawọ́. Wọ́n ti ránṣẹ́ pé àwọn tún ń bọ̀. Ṣé a lè ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, tí kò ní dà bí àìmoore?
*Ìyá ìjọ kan, agbègbè Idigny*

Ẹ lè sọ ọ́, Ìyá wa, ó sì tọ́ kí ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ra nǹkan kan. Kí pásítọ̀ yín kọ lẹ́tà, kí ó kí wọn dáadáa, kí ó sì kọ ohun tí ìjọ fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́ síbẹ̀.

Oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Gbogbo ara gbígbóná kọ́ ni ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn, ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n sì fi ń mọ iye tó máa lò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú oògùn ibà òde òní, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tó ń pín in fún ogunlọ́gọ̀ a máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní hóró méjì tàbí mẹ́ta kí ó lè kárí. Ara á fúyẹ́, àìsàn náà á tún padà, ìyá á sì rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kó gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, kó sì san owó káàdì rẹ̀.

Ohun tí wọ́n lè kọ́ àwọn ìyá láìsí ewu ni omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Lítà omi kan tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí wọ́n fi ọwọ́ gé lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà. Kí wọ́n tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ó lè pa ọmọ lára ju ìgbẹ́ gbuuru náà lọ. Tó bá di ọjọ́ kejì, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n po òmíràn. Kí wọ́n fi ṣíbí inú ilé yín kọ́ yín, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n gbé wá láti ìlú, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n.

Súìtì, kí wọ́n fi sílẹ̀ sílé. Ìwé àti bíkì ló sàn, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n kó o fún, kó pín in nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Aṣọ tí wọ́n bá pín lọ́fẹ̀ẹ́ ń gba oúnjẹ lẹ́nu obìnrin tó ń ta òkírìkà lọ́jà yín. Àwòrán ọmọ náà ńkọ́? Kí wọ́n gbàyè lọ́wọ́ òbí kí wọ́n tó yà á, kí wọ́n má ya ọmọ tó wà ní ìhòòhò tàbí tó ń ṣàìsàn rárá.

Ohun kan kù. Ẹ ní kí wọ́n má ka ọwọ́ tó nà sókè lẹ́yìn ìwàásù bí iye ẹni tó gba Jésù. Nílẹ̀ wa, ẹni tí àlejò ní kó nawọ́ á na ọwọ́, torí ìtìjú ni. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gbọ́ sí i, kí ìwé náà sì dúró lọ́wọ́ pásítọ̀ yín.

Mo gbọ́ pé Orò ń jáde ní abúlé tí à ń lọ. Obìnrin ni mí. Kí ni kí n ṣe?
*Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, Porto-Novo*

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ kí olórí abúlé ni kí ẹ béèrè ọjọ́ tó máa jáde, kí ẹ yẹ ọjọ́ náà sílẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Tó bá bá yín níbẹ̀, kí gbogbo obìnrin wọlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí omi, oúnjẹ àti póò wà nínú yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má yọjú, ẹ má tan fóònù láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lè gbàdúrà jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn dojú kọ Orò lóru kì í dá ara rẹ̀ nìkan sí wàhálà, ìdílé tó gbà á sílé ni yóò jẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ má sì pe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Orò. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, tọkùnrin tobìnrin ló ń wò ó, àwọn ìyá ni wọ́n sì ń fi bu ọlá fún. Kétu ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí pé ó ti ṣẹ̀; àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun ìní pàtàkì aráyé ní 2001. Ẹ kò ní láti jó, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìpàdé yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ pa ẹ̀rọ yín tí wọ́n bá pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí.

Ìbàdàn la ti ń bọ̀. Ṣé Yorùbá wa máa tó?
*Olùkọ́ Bíbélì kan*

Láti bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, ó tó, tí ẹ bá yọ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kúrò. Faransé ni wọ́n ń yá lọ́rọ̀ níhìn-ín. Àwọn abúlé kan wà tó jẹ́ Fọ̀n ni wọ́n ń sọ, ẹ béèrè ṣáájú. Ìwé ìléwọ́ lédè Yorùbá kò wúlò púpọ̀, torí Faransé ni àwọn ọmọ kọ́ láti kà. Bíbélì tí wọ́n kà sínú káàdì fóònù ló ń rìn jìnnà. Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò ni kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 17, fẹ́ bá wọn lọ. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣáájú?
*Bàbá kan, Porto-Novo*

Ẹ béèrè orúkọ àgbàlagbà obìnrin tó máa sùn ní ilé kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin. Tí kò bá sí, ẹ má jẹ́ kó lọ. Ẹ béèrè bóyá òfin wà pé ọkùnrin kankan, ì báà jẹ́ pásítọ̀, kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi kọ́lọ́fín. Kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda tí ẹ máa fọwọ́ sí, kí àìsàn tó ń ṣe é àti oògùn tí kò bá a lára mu wà nínú rẹ̀.

Kí ó ní àwọ̀n ẹ̀fọn tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi oògùn sí. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa sẹ́mìjàn (ọ̀kadà): èrò kan ṣoṣo lórí alùpùpù, akoto fún awakọ̀ àti èrò, kò sì sí ìrìn kankan lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lásìkò òjò, yẹ̀pẹ̀ pupa ọ̀nà abúlé a máa yọ̀ bí ilá. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí kan tó máa pè yín lójoojúmọ́, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù ìyá tó gbà wọ́n sílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ lè má wọlé.