Fótò Bàámi wà nínú ọdún 2005

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní fótò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín nílé ti lé ní 10,000, láti orí fóónù, kámẹ́rà àti WhatsApp, ẹ sì ń bèèrè irú fódà tí ẹ lè ṣe kí ẹ lè máa tètè rí èyí tí ẹ bá ń wá. Èmi náà ti bèèrè bẹ́ẹ̀ rí. Fódà gan-an ló kó bá mi.

Ọdún 2017 ni Bàámi jáde láyé. Ẹni tó ń bá wa tẹ ìwé ètò ìsìnkú ní Sápọ́n ní kí n mú fótò wá kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo mọ èyí tí mo fẹ́. Ọjọ́ kejì Kérésì 2009, gbogbo wa gun Òkè Olúmọ. Bàámi jókòó sórí àpáta, etí kan fìlà abetí-ajá rẹ̀ ti ká sókè, ó ń fi ọmọ mi tó ń bẹ̀rù àtisọ̀kalẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ṣí fódà 2009, kò sí níbẹ̀. Mo ṣí "Keresi", mo ṣí "Olumo", mo ṣí "Ebi", mo ṣí "Ebi tuntun", mo ṣí "Fi pamo" àti "Fi pamo 2". Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, epo jẹnẹrétọ̀ tán. Fótò páásípọ́ọ̀tù la padà lò, èyí tí Bàámi ti lejú bí ẹni tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Títí di òní, àwọn àbúrò mi ò tíì jẹ́ kí n gbádùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú ni mo rí i, nígbà tí mo ń wá nǹkan mìíràn. Inú fódà 2005-01-02 ló wà. Bátìrì kámẹ́rà wa ti kú pátápátá nígbà Kérésì yẹn. Nígbà tí a fi tuntun sí i, aago inú rẹ̀ padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2005, kò sì sẹ́ni tó rántí tún un ṣe.

Torí náà, déètì ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, ẹ má tíì dá fódà kankan. Gbogbo fótò tí kámẹ́rà tàbí fóónù bá yà ló máa ń kọ ọjọ́ àti àkókò sínú ara fótò náà, pẹ̀lú irú kámẹ́rà tó yà á. Exif ni wọ́n ń pè é. Òun ni kí ẹ gbára lé. Ẹ má tẹ̀ lé "Date modified" tí Windows ń fi hàn, torí ìyẹn lè yí padà bí ẹ bá ṣe àtúnṣe kékeré sí fótò náà. Tí Exif fúnra rẹ̀ bá wá ṣì í bíi tèmi, ẹ wá fótò kan tí ẹ mọ ọjọ́ rẹ̀ dájú. Tèmi ni èyí tí a yà lẹ́yìn ìsìn Kérésì ní Aké: ìwé ètò ìsìn wà lọ́wọ́ ìyá mi, bí mo sì ṣe fẹ fótò náà, mo rí déètì tí wọ́n tẹ̀ sí iwájú rẹ̀ kedere. Mo ṣírò iye ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì, mo sì fi digiKam, app kan tí wọ́n fi ń to fótò, sún gbogbo fótò kámẹ́rà yẹn síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀fẹ́ ni digiKam, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. "Adjust Time & Date" ni ẹ máa wá nínú rẹ̀.

Ní ti fódà, ẹ má ṣe wàhálà. Ọdún kan, fódà kan. Nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ báyìí: 2009-12-26-olumo. Tí ọdún bá ṣáájú, tí oṣù tẹ̀ lé e, tí ọjọ́ kẹ́yìn, wọ́n á to ara wọn. Ẹ má ṣe dá fódà "Ebi" tàbí "Keresi". Fótò Olúmọ yẹn, Bàámi wà nínú rẹ̀, ọmọ mi wà nínú rẹ̀, àpáta wà níbẹ̀, Kérésì sì ni. Fódà wo lẹ fẹ́ fi í sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Tag, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tí ẹ fi ń sàmì sára fótò, ló ń bá wa yanjú ìyẹn. Ẹ lè fi mẹ́wàá sára fótò kan. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ibi ìṣètò digiKam, ẹ wo abẹ́ Metadata, kí ẹ rí i dájú pé ó ń kọ tag sínú fótò fúnra rẹ̀. Mo ti fi odindi ìgbà òjò kan tẹ orúkọ gbogbo ẹbí sínú app kan rí, láìmọ̀ pé inú ìwé tirẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Kọ̀ǹpútà yẹn kú. Fótò padà wá láti inú hard disk, orúkọ kan ṣoṣo kò bá wọn wá. Tí ẹ kò bá fẹ́ gbé app kankan wọlé, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fótò JPEG nínú Windows, Properties, Details, ẹ ó rí Tags níbẹ̀. PNG kì í gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn òyìnbó kò ní sọ fún yín. Ẹ má fi àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ sí tag àti orúkọ fódà. Mo fi "Abẹ́òkúta" sí àwọn kan láti orí fóónù, mo fi sí àwọn yòókù láti orí kọ̀ǹpútà. Mo wá a, ìdajì ló jáde. Ohun tó fà á ni pé ẹ́ lè jẹ́ ẹ tí wọ́n fi àmì lé lórí, ó sì lè jẹ́ é tí wọ́n fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú ò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ló jẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, "abeokuta" lásán, "baami" lásán. Ó ní wàhálà tirẹ̀ o: mo tẹ "oko" lọ́jọ́ kan, mò ń wá fótò oko wa, ni ọkọ mi bá yọ jáde lóríṣiríṣi. Mo ti sọ ọ́ di "oko-agbado". Ẹ kọ Yorùbá tó péye sínú Caption, ibi àlàyé fótò, tí ó bá wù yín.

Àwọn ti WhatsApp, ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Ó ti dín wọn kù, ó sì ti yọ déètì inú wọn. Ọjọ́ tó kọ sínú orúkọ fáìlì, bíi IMG-20190324-WA0007, ọjọ́ tó dé orí fóónù yín ni, ẹ̀dà ìgbéyàwó 2003 lè máa jẹ́ 2019. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document, á wá bó ṣe wà.

Ẹ má sì ṣe "cut" fótò láéláé. Ẹ ṣe kọ́pì, ẹ ṣí mélòó kan wò, kí ẹ tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Wọ́n mú iná lọ nígbà tí mò ń fi "cut" kó fótò ìkómọ ọmọ àbúrò mi bọ́ sínú hard disk. Ó ku fótò mọ́kànlá.

Digi­Kam máa ń kó ojú tó jọra pọ̀, ẹ kàn máa sọ pé ẹni báyìí ni. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ ti di ẹnì kan náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má kàn máa gbà á wọlé lójú kan náà. Èyí tí kò bá sẹ́ni tó mọ̀, "taniyi" ni mo ń kọ sí i. Ìyá mi jókòó tì mí lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ń pe orúkọ, mò ń tẹ̀ ẹ́, àfi ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ró àdìrẹ, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàámi. Ó wò ó títí. Ó ní, "Bàbá yín ló mọ ìyẹn." Tí ará ilé kan bá ti wá kí wa báyìí, mo máa ń ṣí kọ̀ǹpútà, mo máa tẹ "taniyi", wọ́n á sì wò ó. Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ku mẹ́sàn-án, obìnrin yẹn wà lára wọn.