Kí ni àwọn àgbà ń pè ní ohùn Ọ̀sanyìn, ṣé òun náà ni ti ọmọlangidi orí tẹlifíṣàn?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Wọ́n ń wo tẹlifíṣàn nílé, wọ́n rí ọmọbìnrin òyìnbó kan tó gbé ọmọlangidi dání. Ọmọlangidi ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, ètè ọmọ náà kò sì mì. Bàbá ọkọ wọn ní, "Ohùn Ọ̀sanyìn nìyẹn." Ìyá fẹ́ mọ ohun tí bàbá ní lọ́kàn, bóyá oògùn ni, àti bóyá ó léwu fún ọmọ wọn obìnrin tó ti ń gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí.

Ẹ̀yin ìyá wa, bàbá mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú ìtàn, Ọ̀sanyìn tó ni ewé jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ọlọ́wọ́ kan, olójú kan, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ìtàn kan ní ìjà ló dé sáàárín òun àti Ọ̀rúnmìlà, ilé wó lù ú, ibẹ̀ ni ara àti ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń bọ ọ́, ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò lè béèrè ọ̀rọ̀ kí ohùn wínníwínní kan dáhùn láti ibi ère tàbí láti ẹ̀yìn aṣọ. Ohùn náà kì í yé àlejò tán, babalósanyìn ló máa ń túmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń sìn ín sọ pé òrìṣà ló ń fọhùn. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀sìn Yorùbá kọ ọ́ sílẹ̀ pé babalósanyìn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ láìmi ètè. Èyí tó wù kí ẹ gbà nínú méjèèjì, ohun tí bàbá rí lórí tẹlifíṣàn jọ ọ́ gan-an: ère ń fọhùn, ẹni tó jókòó tì í pa ẹnu mọ́, ohùn sì tín-ín-rín.

Ẹ kíyè sí i pé bàbá kò pè é ní ohùn egúngún. Ohùn egúngún nípọn, ó ń há, ọ̀fun ni wọ́n fi ń fà á jáde, àwọn kan a máa fi wé igbe ìjímèrè. Àmọ́ aṣọ ti bo ojú eégún, kò sí ètè tí yóò fi pa mọ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Kò sí oògùn nínú ti orí tẹlifíṣàn. Ohùn kì í sì í kúrò lẹ́nu ẹnìkan lọ sí ẹnu ọmọlangidi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú ikùn ló ti ń jáde, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Ọ̀fun kan náà tí a fi ń kí ara wa ní òwúrọ̀ ni. Etí ló rọrùn láti tàn. Etí wa kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ohùn ti wá, ojú ló ń júwe ibẹ̀ fún un. Ẹ wo tẹlifíṣàn yín: ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ohùn ti ń jáde, síbẹ̀ ẹnu akàròyìn ni ẹ rò pé ẹ ti ń gbọ́ ìròyìn. Ibi tí ẹnu bá ti ń ṣí tó ń pa dé ni ọpọlọ máa ń gbé ohùn lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń wo irú eré yìí nílé ti gba ẹ̀tàn kan kí eléré tó dé rárá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Eyín òkè á fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ti ìsàlẹ̀, ètè á là díẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ síni lẹ́nu, ahọ́n á sì ráyè rìn lẹ́yìn eyín. Èémí gbọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀ ìhà wá, kó pọ̀, kó sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kùn bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo, kí ẹ̀yìn ahọ́n ga sókè díẹ̀ nínú ọ̀fun. Ìkùn yẹn ni wọ́n ń tún ṣe títí yóò fi di ohùn ọmọlangidi. Kí ohùn náà yàtọ̀ sí ti olówó rẹ̀ pátápátá: bí tiyín bá nípọn, kí tirẹ̀ tín-ín-rín, bí ẹ bá ń falẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó máa yára.

Nínú kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún tí a ní, méjìlá kò nílò ètè rárá: d, g, h, j, k, l, n, r, s, ṣ, t, y. Mẹ́fà tó kù ló ń tú àṣírí: b, f, gb, m, p, w. Àrọ́pò ni wọ́n ń lò fún wọn. B di d tí ahọ́n fi jẹ́jẹ́ kan ẹ̀yìn eyín òkè, m di n, f di èémí tó gba àárín ahọ́n àti eyín òkè kọjá. W ni kí ẹ fi ẹ̀yìn ahọ́n ṣe. Ní ti p àti gb, Yorùbá ṣe wá lóore. P ti Gẹ̀ẹ́sì, ètè nìkan ló ń ṣe é, ó sì máa ń yọ àwọn eléré òyìnbó lẹ́nu púpọ̀. P tiwa àti gb, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ètè kúrò, ìdajì ìró náà ṣì wà nínú ọ̀fun: p á di k, gb á di g.

Bí kò bá sí ọgbọ́n níbẹ̀, àrọ́pò á kó bá ọ̀rọ̀. Ọmọlangidi á ní òun fẹ́ kí bàbá, Dàdá ni àwọn èèyàn á gbọ́. "Gbé iṣu wá" á di "Gé iṣu wá". Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òun nìkan. "Bàbá àgbà tó bí mi" kò lè di Dàdá fún ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n kejì ni kí olówó ọmọlangidi kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó le náà, kí ọmọlangidi tó tún un sọ: "Ṣé kí n gbé e wá?" "Gbé e wá!" Etí á gbọ́ ohun tó ti ń retí.

Àmì ohùn ló gbà wá là jù. Inú gògóńgò ni òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ti ń wá, ètè kò bá wọn dá sí i. Bí dùndún ṣe ń kì èèyàn láìní b tàbí f kankan, tí ẹni tí wọ́n ń kì sì ń jó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wòran á ṣe fi àmì ohùn mọ ọ̀rọ̀ tí àrọ́pò ti bà jẹ́ díẹ̀. Ẹni tí ohùn ọmọlangidi rẹ̀ bá ga débi tí òkè àti àárín fi dọ́gba ti pàdánù oore yìí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ fi òwe bẹ̀rẹ̀. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde" dára, kò ní kọ́ńsónáǹtì alétè kankan nínú. "Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀" ní mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀. Àmọ́ ohun kan wà tó ń dẹ àwa ará Èkìtì lọ́nà: ibi tí ẹlòmíràn ti ń sọ ilé àti iṣu, ulé àti uṣu ni tiwa, u sì ń ká ètè jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. O àti ọ náà ń ká a, ṣùgbọ́n wọn kò tó u. Ẹ fa ahọ́n sẹ́yìn dípò kí ẹ ká ètè, ìró tó sún mọ́ u á jáde. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí olówó ọmọlangidi máa sọ Èkìtì, kí ọmọlangidi máa fọ Yorùbá ilé ìwé bí tíṣà, èyí tó tún pa èèyàn lẹ́rìn-ín ní Adó ju òdìkejì rẹ̀ lọ.

Ọwọ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nínú ọmọlangidi aláṣọ, àtàǹpàkò ló yẹ kó máa lọ sílẹ̀ láti ṣí ẹnu, kí ìka mẹ́rin òkè dúró. Ẹni tó bá ń gbé ìka mẹ́rin sókè, ńṣe ni ọmọlangidi rẹ̀ á máa dà bíi pé ó ń bu nǹkan jẹ, orí rẹ̀ á sì máa fò. Ẹnu á ṣí bí sílébù bá bẹ̀rẹ̀, á pa dé bó bá parí. Bí ọmọlangidi bá ń sọ̀rọ̀, ẹ wò ó lójú. Bí ẹ̀yin bá ń sọ̀rọ̀, kó máa mi orí díẹ̀, nítorí pé bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ti kú lójú àwọn tó ń wò.

Lórí tẹlifíṣàn, kámẹ́rà ń sún mọ́ni débi tí gògóńgò tó ń lọ sókè sódò yóò hàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn gíga tàbí táì. Bùbá ọlọ́rùn gbòòrò kò ní dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ètè kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Edgar Bergen ní Amẹ́ríkà gbajúmọ̀ láti ọdún 1937 lórí rédíò (rédíò o, níbi tí kò sí ẹni tó rí ètè rẹ̀!), ètè rẹ̀ sì máa ń mì, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlangidi rẹ̀ Charlie McCarthy ni wọ́n fẹ́. Eléré ọmọlangidi mìíràn, Terry Fator, gba ẹ̀bùn America's Got Talent, ìdíje orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, ní 2007. Darci Lynne Farmer gbà á ní 2017, ọmọ ọdún méjìlá ni, ó ní ehoro kan tó ń kọrin. Bó bá jẹ́ ehoro lẹ rí, òun nìyẹn. Ní Gúúsù Áfíríkà, Chester Missing, ọmọlangidi Conrad Koch, ń fọ̀rọ̀ wá àwọn olóṣèlú lẹ́nu wò. Ní 2014, olórin kan tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé kóòtù.

Ní ti ọmọ yín, kò sí èèwọ̀ kankan nínú ìdárayá yìí, kó ṣáà má fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ ti tó níwájú dígí, kó mu omi kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì dá a dúró lọ́jọ́ tí ọ̀fun bá ń ta á tàbí tí ohùn rẹ̀ bá há. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tí a rán bọ́tìnnì méjì mọ́ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá yá, tí ẹ fẹ́ ti onígi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìrókò gbẹ́ orí rẹ̀, yóò wúwo jù fún ọwọ́ ọmọdé. Igi ire fúyẹ́, ó sì rọrùn fún ọ̀bẹ. Agbẹ́gilére kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba ìlú yín, tó dé ibi àfihàn Wembley ní London ní 1924, tó sì wà ní British Museum títí di òní. Ẹ sọ fún ẹni tó bá máa gbẹ́ ẹ pé kó gbẹ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kó so ó mọ́ ọ̀pá kékeré tí okùn gba inú rẹ̀, kí ihò ẹ̀yìn sì gba ọwọ́ ọmọ náà láìfún un.